Ibi Tí Ásíìdì Bá Gbà: Ohun Tí Kànga Epo Inú Òkúta Ẹfun Kọ́ Mi

Orí ilẹ̀ tẹràsò ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí ásíìdì lè fojú òkúta rí. Ní Iléṣà ni, nínú ilé kan tí bàbá mi gba iṣẹ́ rẹ̀, kò jìnnà sí ọjà Àtàkúnmọ́sà. Oníṣẹ́ tẹràsò ni bàbá mi. Wọ́n máa ń po òkúta mábù wẹ́wẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gan, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ á fi máa dán. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, èmi ni mo máa ń pọn omi tí wọ́n fi ń rọ ẹ̀rọ náà lójú.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àbàwọ́n sìmẹ́ńtì tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ ló kù tí wọ́n máa fọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì ásíìdì, kò là á lómi, ó dà á sílẹ̀ bó ṣe wà. Ilẹ̀ hó yàà. Ìfófòó funfun bò ó, èéfín tó ń ta ni nímú gba inú yàrá kan, gbogbo wa sá síta. Ìgbà tí a padà wọlé tí a fi omi ṣan án, àbàwọ́n sìmẹ́ńtì ṣì wà lápá kan, ṣùgbọ́n àwọn òkúta mábù ti jẹ wọnú, ojú ilẹ̀ wá rí bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná mú.

Bàbá mi kò pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, wọ́n ní, “Ásíìdì kò mọ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí ilé. Ohun tó bá kọ́kọ́ kàn ní í jẹ. Ìwọ tó o mú un dání ló yẹ kó o mọ ibi tó máa kàn.” Àwọn ni wọ́n sì fi owó ara wọn tún ilẹ̀ náà ṣe.

Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí èmi fúnra mi tó dúró ti pọ́ǹpù tó ń ti ásíìdì wọ inú kànga epo ní aṣálẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Mo ti padà sílé báyìí. Àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀, àwọn tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, a máa wá mi wá sí Iléṣà lópin ọ̀sẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn kì í yàtọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ìdá mélòó ni ásíìdì tí ẹ máa ń lò?” Wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe le tó. Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, torí òun gan-an ló kó mi sí wàhálà nígbà tí mo wà ní ọmọ iṣẹ́. Bí ásíìdì ṣe le tó kọ́ ni iṣẹ́ wa. Ibi tó bá gbà ni iṣẹ́.

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹnjiníà kẹ́míkà, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka jiọ́lọ́jì ló kọ́kọ́ fi iyàtọ̀ òkúta hàn mí. Ó gbé méjì kalẹ̀ lórí tábìlì, ọ̀kan láti Ewékorò níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì, ìkejì mábù láti Ìgbẹ́tì. Ó kán ásíìdì tí a ti là lómi sórí ti Ewékorò, ó hó lójú ẹsẹ̀. Ó kán an sórí ti Ìgbẹ́tì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan. Ó wá fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀ títí tó fi kúnná bí àtíkè, ó tún kán ásíìdì síbẹ̀. Ìgbà yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ kó tó dáhùn. Calcium carbonate ni ti àkọ́kọ́. Ìkejì ní magnesium nínú, dólómáìtì là ń pè é, ásíìdì kì í tètè jẹ ẹ́ nínú òtútù. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ jíjìn tí ooru ti mú, òun náà á hó dáadáa. Gíránáìtì ní tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi gbẹ́ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ á kàn rin ín lára lásán ni. Bẹ́ẹ̀ òkúta ni gbogbo wọn, bí o bá fi ojú lásán wò wọ́n. Láti ọjọ́ náà n kì í gba ọ̀rọ̀ “òkúta ni” lẹ́nu ẹnikẹ́ni láì béèrè irú òkúta wo.

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí: epo rọ̀bì kì í dúró nínú ilẹ̀ bí omi ṣe ń dúró nínú kòtò. Inú ihò tíntìntín ara òkúta ló ń gbé, bí òróró ṣe ń gbé inú àkàrà. Nígbà tí a bá ń gbẹ́ kànga, ẹrẹ̀ tí a fi ń gbẹ́ ẹ a máa dí ẹnu àwọn ihò wọ̀nyí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òkúta náà ti há láti ìṣẹ̀dá rẹ̀, epo wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà jáde. Bó bá jẹ́ òkúta ẹfun ni, ásíìdì hydrochloric ni oògùn rẹ̀. Ó ń sọ òkúta di iyọ̀ calcium tó yòrò sínú omi, gáàsì carbon dioxide á sì jáde. Gáàsì yẹn ló mú ilẹ̀ tẹràsò hó lọ́jọ́ náà. Lítà kan ásíìdì ìdá 15 nínú 100 lè jẹ òkúta ẹfun tó tó nǹkan bí 220 gíráàmù kí agbára rẹ̀ tó tán. Bí ẹ bá da lítà 1,000 sílẹ̀, òkúta tó máa jẹ kò tó báàgì sìmẹ́ńtì márùn-ún. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó yí kànga kan ká. Kò sí èyí tí a lè fi ṣòfò.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1896 ni Herman Frasch gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn kànga inú òkúta ẹfun ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ásíìdì ṣí kànga lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ páìpù irin pẹ̀lú, iṣẹ́ náà sì rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1932 ni Dow Chemical àti Pure Oil tún gbé e dìde ní Michigan. Wọ́n po ásẹ́níìkì mọ́ ọn kó má baà jẹ irin, wọ́n da gálọ́ọ̀nù 500 sínú kànga kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ mú epo wá, epo rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ásẹ́níìkì ti kúrò nínú rẹ̀ tipẹ́, torí májèlé ni. Kẹ́míkà mìíràn là ń lò.

Ní Nàìjíríà, inú yanrìn dídì ni epo Niger Delta ń gbé, láti Oloibiri ní 1956 títí di òní, èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà wa kò fi mọ ìwà òkúta ẹfun. Èmi náà, inú yanrìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Hydrochloric nìkan kò rí yanrìn àti amọ̀ gbé ṣe, nítorí náà à ń po hydrofluoric mọ́ ọn. Ìdá 12 àti ìdá 3, mo mọ àdàlù yẹn bí ẹni mowó. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé aṣálẹ̀, níbi ìpàdé, mo dá a lábàá pé ká fi hydrofluoric díẹ̀ sí ti kànga kan, torí mo kà nínú ìwé rẹ̀ pé amọ̀ wà nínú òkúta náà. Gbogbo yàrá dákẹ́. Ọ̀gá tó jókòó lọ́wọ́ òsì mi fa bébà kan sún mọ́ra, ó rọra kọ ọ́ síbẹ̀ fún mi: bí hydrofluoric bá pàdé òkúta ẹfun, calcium fluoride ló máa ti ibẹ̀ jáde, kì í yòrò, yóò sì dí ihò tí a wá ṣí. Ohun tó jẹ́ oògùn fún yanrìn ni májèlé fún òkúta ẹfun. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé orí bébà ló parí sí.

Èyí tí kò parí sórí bébà ni mo fẹ́ sọ.

Ní apá ayé yẹn, òkúta ẹfun àti dólómáìtì ni púpọ̀ epo wọn ń gbé. Pápá Ghawar ní Saudi Arabia, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 280 kìlómítà, inú òkúta ẹfun ni epo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá rìn ín já ti rìn ju láti Iléṣà dé Èkó lọ. Kànga tèmi kò sí ní ibẹ̀ o, n kò sì ní dárúkọ ibi tó wà tàbí ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà. Òkúta méjì ni kànga náà gbà kọjá. Ìpele ìsàlẹ̀ há gan-an, ibẹ̀ ni epo tí a ń wá wà. Ìpele òkè rọrùn, ó ní ibi kéékèèké tó ti là nínú, omi kò sì jìnnà sí i. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ètò iṣẹ́. Mo rò ó pé bí òkúta bá ti há tó yẹn, ásíìdì tó le jù ló yẹ ẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ìdá 28. Ọ̀gá tí a jọ wà buwọ́ lù ú, torí èrò tirẹ̀ náà nìyẹn, ó tilẹ̀ ní kí n fi kún iye rẹ̀.

Òru la ṣe é. Mo jókòó sínú ọkọ̀ tí a ti ń wo ẹ̀rọ, ìlà pupa tó ń sọ prẹ́ṣọ̀ ń lọ gbọọrọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí a ṣírò pé ásíìdì ti kan òkúta, ìlà náà wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n gba àga nídìí rẹ̀. Inú ọkọ̀ pariwo ayọ̀. “Ó ti gbà á!” Wọ́n gbá mi léjìká. Àwa tó wà nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé prẹ́ṣọ̀ tó bá wálẹ̀ túmọ̀ sí pé òkúta ti là. Ohun tí n kò bi ara mi ni pé: òkúta wo? A ti ìyókù ásíìdì náà wọlé tán, ìlà náà kò gbéra mọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí kànga náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í bá epo wá, ó sì ń pọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n rán ohun èlò ìwọ̀n lọ sísàlẹ̀, ó mú ìròyìn wá pé ìpele òkè ló ń sọ ohun gbogbo jáde. Ìsàlẹ̀ dákẹ́ bó ṣe wà. Ásíìdì wa ti rí ibi tó rọrùn, ibẹ̀ ló bọ́ sí, bó sì ṣe ń jẹ ibẹ̀ ni ibẹ̀ ń rọrùn sí i, tí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà sì ń tẹ̀ lé e. A lanu fún òkúta tí kò nílò rẹ̀, a tún fi ọ̀nà han omi. Mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ìka bàbá mi nínú ihò tẹràsò ni mò ń rí.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ilé iṣẹ́ náà, ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni, ó ti lo ọdún púpọ̀ nínú aṣálẹ̀ ṣáájú mi. Òun nìkan ni mo lè fi Yorùbá rojọ́ fún. Mo gba yàrá rẹ̀ lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ìdá 28 ni mo lò o. Kí ló tún kù tí mi ò ṣe?”

“Àbúrò, mi ò bi ọ́ ní ìdá mélòó. Mo ní, ibo ló gbà?”

N kò lè dáhùn. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú òkúta kan jáde, róbótó, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí agolo wàrà tí a fà gùn. Ara òkúta ẹfun ni, tí wọ́n gé láti dán ásíìdì wò ní láàbù. Ní ojú rẹ̀ kan, ihò kan wà tí orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lè wọ̀. “Ásíìdì ló gbẹ́ ẹ. Wo bó ṣe rìn.” Ihò náà wọlé, ó yà, ó tún yà, bí ọ̀nà tí ikán là sínú igi. Àwọn olóyìnbó ń fi ekòló pe irú ihò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ikán ni mo rí, n kò sì tíì rí ohun tó jọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló ṣàlàyé ohun tí ìwé ti sọ fún mi tí kò wọ̀ mí létí. Bí a bá ti ásíìdì lọ́ra jù, ẹnu òkúta nìkan ló máa jẹ, yóò tán síbẹ̀, bí eku tó jókòó ti ẹnu àpò àgbàdo tí kò wọnú rẹ̀. Bí a bá sáré jù, ó máa fọ́n ká sí ẹ̀ka yẹbẹyẹbẹ, kò ní lọ jìnnà. Ìwọ̀n ìrìn kan wà láàrin méjèèjì tí ásíìdì díẹ̀ fi ń gbẹ́ ihò kan gbọọrọ wọnú òkúta, tó sì máa kọjá gbogbo ibi tí ẹrẹ̀ ti dí. Ìwọ̀n yẹn yàtọ̀ láti òkúta dé òkúta, ooru ilẹ̀ náà ń yí i padà, nítorí náà a kì í méfò rẹ̀, láàbù la ti ń wá a lórí òkúta kànga náà gan-an. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nínú iṣẹ́ yìí, òwe náà kò bá a mu tán, torí ẹlẹ́dẹ̀ tó bá lọ́ra jù, ẹnu ọgbà ni oúnjẹ rẹ̀ máa parí sí.

Gbogbo ìyẹn, prẹ́ṣọ̀ kò gbọ́dọ̀ ga dé ibi tí òkúta yóò fi ya. Iṣẹ́ mìíràn wà tí a máa ń dìídì ya òkúta, kí ásíìdì wá jẹ ojú ibi tó ya náà ní gbágungbàgun, tí kò fi ní lè pa dé mọ́. Ìyẹn ní tirẹ̀. Kànga tí omi wà nítòsí rẹ̀ kọ́ la máa ń dán an wò lára rẹ̀.

Kànga kejì tí wọ́n fún mi, ìpele méjì ló tún ní. Mo lo oṣù kan gbáko lórí rẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun. Lọ́tẹ̀ yìí ìdá 15 ni mo mú, mo sì fi ohun tó ń darí ásíìdì sí i. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ wù mí púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ásíìdì náà ṣàn bí omi nígbà tó ń lọ. Àmọ́ bó bá ti jẹ òkúta, tí agbára rẹ̀ ń tán, tí calcium ń pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ki, bí ògì ṣe ń di ẹ̀kọ nígbà tí omi gbígbóná bá bà á. Ibi tó ti jẹ ló máa dí fúnra rẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí ibẹ̀ gbà mọ́, yóò wá ọ̀nà lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé. Ìgbà tí epo bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, epo yẹn kan náà ló máa tú kíki rẹ̀, tí ọ̀nà á fi ṣí. Irú mìíràn tún wà fún ilẹ̀ tó gbóná gan-an, tí a fi epo dísù wé ásíìdì, ìdá 70 ásíìdì sí ìdá 30 dísù, bí ewé ṣe ń wé ẹ̀kọ. Kó tó tú nínú ewé, ó ti dé ọ̀nà jíjìn.

Ìlà pupa ọjọ́ náà kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Ó wálẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ásíìdì kan ìpele òkè, ó tún gòkè. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wojú mi. Ó gòkè sí i. Ẹnì kan ní ká dín pọ́ǹpù kù. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀, a ò tíì dé ibi tí òkúta yóò ya. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ìlà náà rọra tẹ̀ wálẹ̀, kò wó, ó tẹ̀ ni, mo sì mọ̀ pé ásíìdì ti kúrò lókè, ó ti wọ ìsàlẹ̀. Ó gòkè ó wálẹ̀ báyìí nígbà mẹ́rin kí a tó parí. Iye kan wà tí a fi ń mọ bí ẹnu kànga ṣe rí: odo ni ti kànga tí kò dí, tí kò sì là ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Èyí tó dí máa ju odo lọ. Tiwa wá sí abẹ́ odo, ó kọjá −3. Ìsàlẹ̀ ń sọ epo. Mo tẹ Ẹ̀gbọ́n láago lóru náà, ó ní, “Ó dáa. Ibo ló gbà?” Mo dáhùn.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí ìyá ìyá mi ti kọ́ mi kí n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Ògì ni wọ́n ń tà ní Iléṣà. Bí wọ́n bá ń sẹ́ ògì, wọ́n á na aṣọ asẹ́ sórí abọ́, ògì á gba inú rẹ̀ kọjá, èérí á kù sórí aṣọ. Ní aṣálẹ̀, kí a tó ti ásíìdì wọ kànga, a gbọ́dọ̀ po díẹ̀ lára rẹ̀ mọ́ epo kànga náà nínú ìgò, kí a gbé e sínú omi gbígbóná, kí a sì da á gba ojú asẹ́ irin. Ó yẹ kó kọjá láì kù nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tánkì mẹ́ta dé láti ọ̀nà jíjìn. Ti ìkíní kọjá. Ti ìkejì kọjá. Mo da ti ẹ̀kẹta, èérí dúdú kan kù sójú asẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀dà. Mo fi omi sí i, kò lọ. Mo fi ìka tí mo wọ ìbọ̀wọ́ sí tẹ̀ ẹ́, ó nà.

Ìpẹtà ni. Tánkì náà ti dípẹtà nínú, ásíìdì ti jẹ irin náà yó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí irú irin bẹ́ẹ̀ bá pàdé epo tó ní ọ̀dà nínú, èérí yẹn ni wọ́n ń ṣe, kò sì sí ohun tó máa tú u nínú òkúta. Kódà láìsí epo, bí agbára ásíìdì bá ti ń tán nínú ilẹ̀, irin tó yòrò sínú rẹ̀ á dì padà, á sì dí ihò. Ọ̀gá tó wà nídìí kànga náà ń ka owó tó ń lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ní ká po ti ẹ̀kẹta mọ́ àwọn méjì tó dára, wọ́n á jọ bo ara wọn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ kiri láyé òṣómàáló kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kí owó wọn tó pé. Mo jókòó ti tánkì náà. Mo gbé asẹ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́, mo ní kí ó fi omi ṣan án fúnra rẹ̀. Ó ṣan án, ó tún un ṣan. Wọ́n dá tánkì náà padà. Ọjọ́ kan la fi dúró.

Láti ìgbà náà, a kì í ti ásíìdì gba páìpù kànga láì kọ́kọ́ fi ásíìdì rírọ̀ fọ inú páìpù náà, kí a sì dá ohun tó bá fọ̀ padà sókè dípò ká tì í sínú òkúta. A tún máa ń fi ohun tó ń di irin mú sí i. Ọ̀kan nínú wọn ni citric acid, ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ tí gbogbo wa ń fún sínú àgbo.

Ní ti ewu rẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ torí ẹni tó bá ti rí i kì í nílò àlàyé. Omi ló ń ṣáájú, ásíìdì ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ má da omi sórí ásíìdì líle láéláé. Oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹ irin ní àkókò tirẹ̀: bí wákàtí rẹ̀ bá pé tí ásíìdì ṣì wà nínú páìpù, páìpù ti di oúnjẹ. Àwọn kànga kan sì wà tí gáàsì hydrogen sulfide ń bá jáde. Ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ nígbà tó bá kéré, bó bá pọ̀, imú kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni ikú wà. Ẹni tí kò wọ ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ sáyà, kó má sún mọ́ ẹnu kànga.

Ìgbà tí mo ń bọ̀ wálé pátápátá, Ẹ̀gbọ́n fún mi ní òkúta róbótó yẹn. Orí tábìlì pálọ̀ mi ní Iléṣà ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá mi. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti Ifẹ̀, ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dá lórí ásíìdì àti òkúta ẹfun. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìdá mélòó…” Mo gbé òkúta náà fún un, mo fún un ní òwú tí mo ti fi àtè mú le, mo ní kó bá mi wá ibi tí ihò náà jáde sí.

Ó ti òwú náà bọ ojú òkè, ó dúró lójú ọ̀nà. Ó fà á padà, ó yí òkúta náà díẹ̀, ó tún tì í. Ó tún dúró. Ẹ̀ka tó ti kú ló wọ̀. Ó gbé òkúta náà sójú fèrèsé, ó di ojú kan, ó ń wò ó. Ìyàwó mi gbé omi wá, kò mu ún. Nígbà tó ṣe, òwú náà yọ orí, kì í ṣe ní àárín ojú ìsàlẹ̀ bó ṣe rò, ẹ̀gbẹ́ ló ti jáde, létí òkúta gan-an. Ó fi ìka kan di òwú náà mú níbi tó ti jáde, ó sì fi ìka kejì di òpin rẹ̀ tó wà lókè mú, ó ń wo àárín méjèèjì.

Ó gbé òkúta náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fa ìlà lórí ohun tó ti kọ sínú ìwé rẹ̀ kó tó wá.

“Ẹ̀gbọ́n, kànga tí omi wọ̀ yẹn, báwo ni ìpele rẹ̀ ṣe rí?”

Mo dìde, mo lọ gbé àwòrán rẹ̀ wá láti inú yàrá.